Déètì Tó Wà Lára Abọ́

Bí ẹ bá bi mí pé ibo ni mò ń gbé, màá ní London. Bí ẹ bá bi mí pé ibo ni ilé mi, Sango-Ọ̀tà ni. Ọdún pọ̀ tí mo ti ń dáhùn báyìí, kò sì sẹ́ni tó bá mi jà. Àfi ìgbà tí mo fẹ́ di ọmọ onílùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí fọ́ọ̀mù ní kí n kọ gbogbo ọjọ́ tí mo lò níta. Níta kẹ̀? Ta ní í ka lílọ ilé ẹni kún ìta?

Iṣẹ́ omi ló fa gbogbo rẹ̀. Ní 2019, èmi àti àbúrò mi dá ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà sílẹ̀ nítòsí Ìyànà-Ìyẹsí. Kànga-dẹ̀rọ̀ kan, maṣíìnì kan, jẹnẹrétọ̀ kan tó dà bíi pé ó dàgbà jù mí lọ. Ohun tí a jọ sọ ni pé èmi á máa fowó ránṣẹ́, òun á máa bójú tó o. Àṣé maṣíìnì náà ń ṣọ́ mi. Bí bàálù mi bá ti gbéra báyìí, ó di kí ọ̀rá máa ya, kí omi máa jò, kí àbúrò mi máa pè: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ máa bọ̀ o, ó tún ti bẹ̀rẹ̀." Èmi tí n ò mọ nọ́ọ̀tì yàtọ̀ sí bóòtù, màá sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ṣé kí n kúkú jẹ́wọ́? Kì í ṣe maṣíìnì nìkan. Ní Sango, òṣìṣẹ́ márùn-ún ló ń kí mi "ẹ kú àárọ̀, sà". Ní London, ọmọ ọdún méjìlélógún ni ọ̀gá mi níbi tí mo ti ń to páálí lóru, orúkọ ló sì ń pè mí, kò tún pè é re. Kódà kòrónà ò jẹ́ kí n rí àwáwí. London ló ká mi mọ́. Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfuurufú pa lóṣù Kẹta 2020, nígbà tí wọ́n sì ṣí i fún bàálù òkè òkun lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, oṣù ò tíì parí tí mo fi dé Sango.

Òfin ọmọ onílùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fara pamọ́. Láti 1981 ni wọ́n ti kọ ọ́. Ẹni tí kò fẹ́ ọmọ onílùú wọn gbọ́dọ̀ ti gbé ọ̀dọ̀ wọn fún ọdún márùn-ún, kò sì gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 450 lọ níta láàárín rẹ̀, kò gbọdọ̀ lò ju 90 lọ nínú ọdún tó gbẹ̀yìn. Ó tún ku ẹyọ kan tí mo kà fò bí ẹní fo kòtò ojú ọ̀nà Sango: lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an nínú ọdún márùn-ún ọ̀hún, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ wọn.

Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ di ọmọ onílùú wọn kò kúkú ṣòro. Ìbéèrè 24, ẹni tó bá gba 18 ti yege. Mo ka orúkọ ìyàwó Ọba Henry Kẹjọ, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀ léra. Èmi tí mo gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyàwó mi ẹyọ kan.

Ó wá di oṣù Keje 2024. Wọ́n dìbò lọ́jọ́ 4, ẹgbẹ́ Labour wọlé. Mo bá fi ọgbọ́n ilé rò ó: ìjọba tuntun, inú wọn á ṣì dùn, ẹni tó bá tètè dé ni yóò rí tirẹ̀ gbà. Ìyàwó mi ní, "Dádì Tọ́lá, ẹ jẹ́ ká fi han lọ́yà ná." Mo ní lọ́yà kí ni, ṣebí ìṣirò lásán ni. Lọ́jọ́ 5 mo san pọ́n-ùn 1,630, mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò ọ̀hún. Mo kó ìrìn-àjò mi jọ, ó jẹ́ oṣù mẹ́rìndínlógún, mo gé ọjọ́ wẹ́wẹ́ tó lé dànù. Oṣù kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ méje. Ó já sí 448. Ó ku méjì kó pé 450! Mo fò sókè nínú kíṣìnì. Ọdún tèmi, ọjọ́ 336 péré ló ní.

Oṣù Kìíní 2025 ni èsì dé. Ẹ sì mọ ibi tó ti bá mi. Sango ni, ní ẹ̀yìn maṣíìnì, mò ń jẹ ẹ̀bà. Wọ́n ní ọjọ́ 486 ni mo lò níta. Bí ènìyàn bá lé díẹ̀ wọn a máa gbójú fò ó, títí dé 480. Mo fi mẹ́fà kọjá àánú. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ṣojúure sí mi: ẹni tó lọ lọ́jọ́ Ajé tó dé lọ́jọ́ Ajé kejì, àwa á ní ọjọ́ mẹ́jọ òní, òyìnbó ojú títì á ní méje, àmọ́ ọ́fíìsì tó gba fọ́ọ̀mù mi kì í ka ọjọ́ tó lọ, kì í ka ọjọ́ tó dé. Mẹ́fà ni wọ́n máa kọ.

Wọ́n tún ní lọ́jọ́ 6 oṣù Keje 2019, tí í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún márùn-ún mi, n ò sí ní ìlú wọn.

Mo pariwo. "Irọ́ ni! Àbúrò, wá wo nǹkan. London ni mo wà!" Àbúrò mi ka lẹ́tà, ó wo ojú mi, ó wá wo abọ́ ẹ̀bà tó wà níwájú mi. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fi ìka tọ́ ara abọ́ náà, níbi tí wọ́n tẹ fọ́tò mi sí, èmi nínú agbádá, mò ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ fọ́tò ni wọ́n kọ ọ́ sí: Ìfilọ́lẹ̀ Ilé Iṣẹ́ Omi, Sango-Ọ̀tà, 6/7/2019.

Igba abọ́ ni mo pín lọ́jọ́ náà. Òjò rọ̀ débi pé ọ̀kadà ni onílù fi gbé gángan rẹ̀ dé, àwọn àlejò Èkó sì há sábẹ́ bíríìjì Sango títí ìrẹsì fi tutù. Ẹ̀rí pọ̀ ju ti ìgbéyàwó lọ.

Nígbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe lọ́yà, obìnrin kan ní Peckham. Ó ní láti 2022, òfin gba mínísítà láyè láti fojú fo ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn bí ìdí pàtàkì bá wà. Ọkàn mi balẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe ní Sango lọ́jọ́ náà, sà?"

"Àríyá ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n sọ ọjọ́ tí mo padà sí London lẹ́yìn àríyá ọ̀hún. Mo ní 15 oṣù Keje. Mo ń gbọ́ ariwo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. "Sà, ká ní ẹ dúró di ọjọ́ 15 kẹ́ ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án á yọ kúrò lọ́rùn yín, á ku 477. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yín á sì bọ́ sí ìgbà tẹ́ ẹ ti dé." Ọjọ́ mẹ́wàá péré. Mo ti sáré bá ìjọba tuntun kí inú wọn tó bàjẹ́.

Wọ́n dá pọ́n-ùn 130 tí mo san fún ayẹyẹ ìbúra padà. Ìyókù ti lọ. Ìbúra fún Ọba Charles tí mo ti kọ́ sórí, àwọn òṣìṣẹ́ mi ló ń gbádùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbowó ọ̀yà ṣáájú àkókò, wọn a ní kí n kà á fáwọn ná.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kan ní Ojú-Ọ̀rẹ́ nítorí ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún Màámi. Abọ́ la tún fẹ́ pín. Ọmọkùnrin náà mú kálámù. "Déètì wo ni ká kọ sára rẹ̀, sà?"

Mo ní kó ṣe sùúrù. Mo yọ fóònù, mo ṣí kàlẹ́ńdà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún márùn-ún síwájú.