Agogo Tí Kò Dún, Ilé Tí Kò Sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé. Iṣẹ́ ìjókòó ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìrìn. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Maryland mọ èyí dáadáa kó tó ní kí n wá kí òun. Síbẹ̀, ní Sátidé kan, aago márùn-ún ìdájí ló jí mi: "Dádì, ẹ dìde o. Philadelphia là ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Amẹ́ríkà sílẹ̀."

Mo wọ sálúbàtà mi. Ó ní rárá, kánfáàsì funfun kan ló rà fún mi. Ẹ̀yin ará, ó fún mi lẹ́sẹ̀ bí aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ gé kù. Mo wọ̀ ọ́, mo sì rọra ti sálúbàtà bọ inú báàgì.

Agogo la kọ́kọ́ lọ wò, Liberty Bell, Agogo Òmìnira. A tò, ó kàn wá, wọ́n tú báàgì mi wò. Sálúbàtà yọjú. Ọmọ mi wò mí, mo wòkè. A wọlé. Mo wo agogo, agogo wò mí. Ó ti sán!

Wọ́n ní ọdún 1752 ló dé láti London, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lù ú wò ló ti sán. Ọkùnrin méjì nílùú náà yọ́ ọ, wọ́n tún un rọ. Nígbà tó yá, ó tún sán. Ní 1846, wọ́n fẹ́ lù ú fún àyájọ́ ọjọ́ ìbí George Washington, wọ́n ní kí wọ́n tún ojú ibẹ̀ ṣe. Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu: ṣe ni wọ́n fẹ ojú rẹ̀ sí i, kí etí rẹ̀ méjèèjì má baà máa ha ara wọn. Wọ́n lù ú, ibòmíràn sán, ó sì dákẹ́ títí dòní. Ojú gbàgàdà tí gbogbo ayé wá ń yà ní fọ́tò, àtúnṣe ni! Bí èmi bá fẹ ojú aṣọ tó ya, àgọ́ ọlọ́pàá ni oníbàárà á gbé mi lọ. Àwọn wọ̀nyí kọ́lé fún un.

Ó di ilé Benjamin Franklin, bàbá tí àwòrán rẹ̀ wà lára ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ọkàn mi balẹ̀: ilé ẹni orí owó kò ní ṣe yẹpẹrẹ. A dé àgbàlá rẹ̀, mo wò títí.

"Ilé ọ̀hún dà?"

"Òun nìyẹn, Dádì."

Irin funfun ni, wọ́n tò ó bí àwòrán ilé. Kò sí ògiri, kò sí páànù, atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Láti 1812 ni wọ́n ti wó ilé náà. Nígbà tó fi máa di 1976, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe rí gan-an mọ́, wọ́n bá fi irin fa ìlà rẹ̀ sójú òfuurufú. Ẹ gbà mí! Àfi bí ìgbà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà agbádá sára aṣọ, tí mo ní kí ọkọ ìyàwó máa wọ̀ ọ́ lọ.

A lọ síbi ibojì rẹ̀. Ó kéré tán, ìyẹn kò ní kúrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń ju kọ́bọ̀ sórí òkúta rẹ̀ kí oríire lè bá wọn. Òkú ẹni tó ń wàásù ìṣọ́wóná ni wọ́n ń náwó fún! Mi ò ju nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ló ń wá oríire.

Ilé tí Thomas Jefferson ti kọ ìwé òmìnira ní 1776 ńkọ́? Wọ́n wó o ní 1883, wọ́n kọ́ àfijọ rẹ̀ ní 1975. Ká sòótọ́, Independence Hall, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé náà, dúró digbí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi gbàgbé láti gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀, a ò rí i wọ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ku ilé tí Ààrẹ ń gbé nígbà tí Philadelphia jẹ́ olú-ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ béèrè mọ́. Láti 1832 ni wọ́n ti wó o. Àbọ̀ ògiri àti ojú fèrèsé lásán ni wọ́n tún mọ síbẹ̀. Mo jókòó, mo bọ́ kánfáàsì, mo wọ sálúbàtà mi. Ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ bàtà mọ́, ìtàn ló ń sọ.

Ẹrú mẹ́sàn-án ni Ààrẹ Washington kó wá síbẹ̀. Òfin Pennsylvania fún ẹrú irú wọn láǹfààní láti gba òmìnira bí wọ́n bá lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, bàbá náà á kó wọn jáde, á tún kó wọn padà. Àwa télọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, a ò débẹ̀! Ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láàárín ibẹ̀ àti Agogo Òmìnira?

Ọ̀kan nínú wọn ni Oney Judge, ọmọbìnrin tó mọ abẹ́rẹ́ lò, tó ń bá ìyàwó Ààrẹ tọ́jú aṣọ. Lọ́jọ́ kan ní 1796, bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí New Hampshire. Wọ́n wá a, wọ́n ránṣẹ́ sí i, kò padà.

Mo wo ojú ilẹ̀kùn tí kò nílẹ̀kùn yẹn títí. Nínú gbogbo ohun tí kò sí ní Philadelphia lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni inú mi dùn pé kò sí níbẹ̀.