Ẹjọ́ Elégédé, Èmi Ni Mo Jẹ̀bi

Ó pẹ́ tí mo ti ń dájọ́ fún elégédé Halloween, èyí tí bàbá, ìyá àti ọmọ ń gbẹ́ ojú àti eyín sí ní òpin oṣù Kẹwàá, kò sì sí ìdájọ́ mi kan tó tọ̀nà. Mo kọ́kọ́ ní àṣà òyìnbó ni, kò kan ará Adó-Èkìtì. Ṣùgbọ́n elégédé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àlejò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, a sì fà á mọ́ra láàárín ebè bí ẹni pé ààfin Ewì, ọba Adó, ni wọ́n bí i sí. Àwọn ará Írẹ́lándì tó gbé àṣà náà dé Amẹ́ríkà kì í tilẹ̀ gbẹ́ elégédé tẹ́lẹ̀. Tọ́níìpù, gbòǹgbò kan tó le kókó, ni wọ́n ń gbẹ́ nílé. Bí ẹnì kan bá tún ní Írẹ́lándì ò kàn wá, orúkọ ta ni Kàtídírà Kátólíìkì Adó ń jẹ́? Pátíríìkì Mímọ́ ni, ẹni mímọ́ Írẹ́lándì! Kàtídírà yẹn náà ni wọ́n ti ń ṣọdún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ọdún tí Halloween jẹ́ àìsùn rẹ̀.

Bí àwíjàre yẹn ṣe wó, mo fò sódì kejì: kí gbogbo ilé l'Ékìtì máa gbẹ́ elégédé. Ṣebí ilẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ nìyí, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924? Ẹ̀rí yẹn dùn lẹ́nu, àmọ́ igi ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, kò gbẹ́ ohun ọbẹ̀. Ẹ la elégédé wò: omi ń kán tótó, okùn rúsúrúsú lọ́ mọ́ kóró, kóró ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀. Òjò kì í sábà tíì kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù Kẹwàá níbí. Kò ní pẹ́ tí ojú tí ẹ gbẹ́ á fi bu, tí ẹnu rẹ̀ á wọnú bíi ti arúgbó tí kò léyín. Òtútù ló ń bá àwọn ará wa ní London tọ́jú tiwọn.

Wọ́n lè ní, ṣebí a ń fín igbá, Ọ̀yọ́ sì mọ̀ ọ́n ṣe? Òótọ́ ni. Mọ̀lẹ́bí elégédé sì ni igbá, ṣùgbọ́n ó máa ń gbẹ títí á fi le bí igi, inú rẹ̀ kò sì ṣeé jẹ. Nítorí náà, bí ọmọ bá fẹ́ gbẹ́ ojú, ẹ fún un ní igbá, kí elégédé wọ ìkòkò, kí ẹ sì ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú igbá náà kí ojú rẹ̀ lè tàn. Àbẹ́là ni mo kọ́kọ́ kọ síbí o, kí n tó rántí pé igbá gbígbẹ a máa jó.