Mí Sínú, Ka Mẹ́rin

Dókítà Andrew Weil ará Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: kóorun tó lè kunni, èèyàn á fi imú mí sínú, á ka 4, á séèémí, á ka 7, á fẹnu mí síta, á ka 8. Ó dáa. Àmọ́ ní Mushin, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bẹ lójú fèrèsé: bó o bá mí sínú dáadáa, èéfín ni.

Àwọn kan tiẹ̀ ń sanwó lóṣooṣù láti gbọ́ ìró òjò nínú fóònù kí wọ́n lè sùn. Òjò! Kí wọ́n wá sábẹ́ páànù wa lóṣù Keje, ọ̀fẹ́ ni. Ibi tó ń jò á tún máa lu abọ́ fún wọn.

Ìyá àgbà ilé wa kì í ka nǹkan kan. Kí àdúrà alẹ́ tó dé “Àmín,” wọ́n ti ń han-an-run. Wọ́n ní Ọlọ́run mọ ìyókù.