Ta Ni Kó Bá Mi Wọ Ibú?

Àwọn lẹ́tà oṣù yìí, omi ló kún inú wọn. Ó jọ pé gbogbo ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi ló ti so sílíńdà afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń mòòkùn kiri. Ohun kan náà ni wọ́n sì ń bi mí: ṣé ọkùnrin ni kí èèyàn mú lẹ́nìkejì, àbí obìnrin? Èmi tí odò ẹ̀yìnkùlé gan-an ń bà lẹ́rù ni wọ́n ń bi o. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi mí joyè àwòdì, mo gbọ́dọ̀ gbé adìẹ.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ti wọ ẹgbẹ́ àwọn amòòkùn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń lọ sí Stoney Cove, ní Leicestershire. Wọ́n wá so ó pọ̀ mọ́ ọmọge kan. Ó ní òfin ni, pé ẹnì kan kì í dá wọ omi. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọgbọ́n lọkọ mi ń dá?" — Ìyàwó Tí Ò Rí Oorun Sùn, Peckham

Ìyàwó, òótọ́ ni. Méjì-méjì ni wọ́n ń wọ ibú, torí pé bí afẹ́fẹ́ ẹnì kan bá tán, ara ẹnìkejì ló ti máa mí. Rọ́bà ẹnu méjì ló wà lára sílíńdà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ẹni tó gbé e, ọ̀kan fún ẹni tí wàhálà bá dé bá. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ọkùnrin nìkan ló gbọ́dọ̀ fi sẹ́nu.

Màá tún sọ ohun tó máa ká ọ lára. Kí wọ́n tó wọ omi, obìnrin yẹn á fọwọ́ kan ọkọ rẹ. Á fa bẹ́líìtì olójé tó wà nídìí ẹ̀ wò, á yẹ gbogbo ìdè àyà ẹ̀ wò, á ní kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òun máa wo géèjì tó ń wọn afẹ́fẹ́ sílíńdà. Bí ọwọ́ géèjì bá ń lọ sílẹ̀ tó ń padà sókè bó ṣe ń mí, a jẹ́ pé ẹnu sílíńdà ò ṣí tán. Tó bá wọ ìsàlẹ̀ báyẹn, èémí á há a lọ́fun. Ìwọ tó o fẹ́ gbá a létí torí pé ó fọwọ́ kan bẹ́líìtì, ṣe ló yẹ kó o máa kí i kú iṣẹ́.

Ti ìfẹ́ ńkọ́? Stoney Cove kì í ṣe etíkun Elegushi. Kòtò ni, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ kí omi tó kún un. Ohun tí wọ́n ń lọ wò nísàlẹ̀ ni Stanegarth, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì síbẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Aṣọ rọ́bà á fún ọkọ rẹ títí ojú ẹ̀ á fi yọ. Á tutọ́ sínú máàsìkì, á fi ìka rà á kí kùrukùru má baà bo gíláàsì. Nígbà tó bá fi máa jáde, ikun á ti dé àgbọ̀n. Ẹnu ńkọ́? Rọ́bà ti dí i. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá na àtàǹpàkò sí ọmọge yẹn pé "ìwọ lo rẹwà jù," ohun tíyẹn á gbọ́ ni "jẹ́ ká máa lọ sókè," á sì gòkè lóòótọ́.

Ibi tó yẹ kó o ṣọ́ ni etí omi, níbi tí wọ́n ti ń mu tíì gbígbóná lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ rọ́bà lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Di jọ́lọ́ọ̀fù sínú fúláàsìkì méjì. Kí ọkọ rẹ gbé ọ̀kan fún un, kó ní ìyàwó òun ló ní kí òun fún un. Fi ata sí i dáadáa. Ọmọge tó bá fi ẹnu tí òtútù ti mú jẹ ata yẹn á mọ̀ pé ilé ọ̀hún ní onílé.

"Ẹ̀gbọ́n, géńdé ni mí, irin ni mò ń gbé ní jíìmù. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì mi. Àwa méjèèjì la jọ ń wọ omi pẹ̀lú 200 lórí géèjì, ṣùgbọ́n nígbà tí tèmi bá fi máa dé 50, tiẹ̀ á ṣì wà ní 110. Èmi ni mo máa ń lé wa padà sókè. Ojú ń tì mí. Ṣé kí n lọ wá ọkùnrin bíi tèmi?" — Géńdé, Manchester

Géńdé, lọ wá a. Tó o bá rí i, ẹ̀yin méjèèjì á jọ dé 50 pa pọ̀, ẹ óò wá máa wo ara yín lójú bí àgbò tí Iléyá kù ọ̀la.

Ara ńlá ń jẹ afẹ́fẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Omi náà sì ń bá a jẹ níbẹ̀: bó o bá dé mítà 10, èémí kan á ná ọ ní ìlọ́po méjì ohun tó ń ná ọ lókè, ní mítà 20, ìlọ́po mẹ́ta. Kí ni ìwọ wá ń ṣe níbẹ̀? Ò ń fọwọ́ wẹ̀, ò ń sáré, o fẹ́ kí pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí i pé géńdé ni ọ́. Ká ọwọ́ mọ́ àyà. Fi ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tó o wọ̀ máa rọra ta omi. Bí òjé ìdí rẹ bá pọ̀ jù, ní kí wọ́n bá ọ yọ díẹ̀ kúrò, kó o sì yá sílíńdà lítà 15 dípò 12. Bí àwọn ará jíìmù bá bi ọ́ ìdí tí afẹ́fẹ́ rẹ fi ń tètè tán, sọ fún wọn pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ ló tóbi. Wọ́n á pàtẹ́wọ́.

O tún lè máa rò ó pé ṣé pẹ́lẹ́ńgẹ́ lè gbé ọ bí nǹkan bá ṣe ọ́. Nínú omi, kò ní gbé ọ rárá: á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ, wàá léfòó, á máa wọ́ ọ lọ. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí wọ́n gbé ọ sórí ọkọ̀, mi ò sì rò pé géńdé kan ṣoṣo lè dá ọ gbé pẹ̀lú gbogbo irin yẹn.

"Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní mímòòkùn kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin." — Àbúrò, Houston

Àbúrò, bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa àwọn haenyeo ti erékùṣù Jeju, ní Kòríà. Obìnrin ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn ti lé ní ẹni 60 ọdún, wọn kì í sì gbé sílíńdà. Wọ́n á dá èémí dúró, wọ́n á lọ ṣa ohun jíjẹ nísàlẹ̀ òkun. UNESCO fi iṣẹ́ wọn sínú àkójọ àṣà àjogúnbá ní 2016. Ní 1970, Sylvia Earle, onímọ̀ nípa òkun, kó àwọn obìnrin bíi tiẹ̀ sòdí, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi gbé nínú ilé tí wọ́n kọ́ sábẹ́ omi ní erékùṣù St. John. Wọn ò mú ọkùnrin kankan dání kó wá bá wọn ṣí ìgò. Lẹ́yìn náà, ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ dá èémí dúró, kó o máa ka oókan, eéjì. Rọra kà á.

"Àǹtí mi, a fẹ́ lọ ṣe ìsinmi ìgbéyàwó wa ní Sharm el-Sheikh. Ọkọ mi ní òun ni kí n mú lẹ́nìkejì, pé òun lọkùnrin, òun á dáàbò bò mí. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá pè é nínú ilé, kì í dáhùn." — Ìyàwó Tuntun, Dagenham

Ìyàwó Tuntun, àwọn amòòkùn ní òfin kan: bí ẹnìkejì rẹ bá pòórá, ìṣẹ́jú kan péré ni kó o fi wò yíká, kó o tó rọra gòkè lọ dúró dè é. Nítorí náà, dán an wò nílé. Nígbà tí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù, dúró sẹ́yìn àga ẹ̀, kó o máa fi ọwọ́ gé ọ̀fun rẹ láti òsì sí ọ̀tún. Àmì pé afẹ́fẹ́ ti tán nìyẹn. Wo aago. Bó bá wẹ̀yìn kí ìṣẹ́jú kan tó pé, mú un lọ. Bí ò bá wẹ̀yìn, sanwó fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ni ní mímòòkùn níbẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kíyẹn bá ọ wọ Òkun Pupa. Ọkọ rẹ lè jókòó sórí ìyanrìn kó máa ṣọ́ báàgì. Ṣùgbọ́n kó owó rẹ kúrò níbẹ̀ kó o tó lọ, torí bí ò bá rí ìwọ aya ẹ̀, kò ní rí olè.