Àwọn Olùgbọ́ Tó Ní Sùúrù

Bí ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn nírọ̀lẹ́ láìsí aáwọ̀, ìlú Èsìẹ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà ni kí ẹ lọ. Àwọn ère òkúta tó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Ọ̀pọ̀ ló jókòó sórí àpótí, wọ́n ṣe irun lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n pa ẹnu dé. Àwọn kan tilẹ̀ mú idà dání, síbẹ̀ wọn kì í jiyàn. Láti 1945 tí wọ́n ti dá ilé náà sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, fóònù ọ̀kan nínú wọn ò dún rí.

Ẹ wá wo tàwa ẹlẹ́ran ara. Mo lọ síbi ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ kan nílẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ má bi mí pé ìlú wo. Aago mẹ́rin ni wọ́n kọ síwèé; mẹ́fà ku díẹ̀ ni alága dé. Olùbánisọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dárúkọ ẹni tó tẹ ìlú dó ni bàbá kan dìde:

“Ọmọ mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

Bàbá kejì ní ti bàbá àkọ́kọ́ gan-an ò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń pín bisikíìtì béèrè pé ṣé kí òun dúró ná. Gbogbo ilé pa ohùn pọ̀ pé kó máa pín in lọ. Ìyẹn nìkan la fẹnu kò lé lórí.

Ìtàn ẹnu ní àlejò làwọn ère Èsìẹ́ kí wọ́n tó di òkúta. Àwọn ọ̀mọ̀wé ò gbà. Èmi tí mo jókòó ti ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ alága lọ́jọ́ náà, mo gbà: ìdí tèmi ti ń le bọ̀.