Ọ̀nà Ọ̀fun ti Di Márosẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọmọ tó ń yọ́ ẹran mú nínú ìkòkò ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún, àti àgbàlagbà tí kì í rí àwo olóúnjẹ kó má jókòó tì í. Láyé tiwọn, ọ̀nà náà kò gùn rárá: láti ẹnu sí ikùn, ó parí. Àwa ará Mowé àti Ìbàfò la wá fẹ̀ ẹ́, la sì da ọ̀dà sí i. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti Bẹ́gà ní Èkó, ó gba Ìbàfò kọjá, ó ń já sí Mowé ní aago mẹ́wàá alẹ́, bí tírélà kò bá ṣubú sójú ọ̀nà.

Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà bíi 127, kí èèyàn lè tètè dé ibi tó ń lọ. Ó dára. Àmọ́ ẹni tó bá ti wọ dáńfó "Ìbàfò, Mowé, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ" rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò jẹ́rìí sí i pé ilé oúnjẹ ni títì ọ̀hún, kò kàn lórùlé ni. Kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ná, ọjà ti dé nìyẹn. Gálà ń sáré lápá ọ̀tún, ìpékeré ń sáré lápá òsì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń kán omi sí ọrùn ẹni tó rù ú, búrẹ́dì ń tẹ̀lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo wọn ń sáré. Ìwọ tó o sanwó ọkọ̀ nìkan ni kò kúrò lójú kan.

Lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀, ìyá kan jókòó tì mí. Ó ra gálà méjì àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan tó tutù nini. Èmi náà ra gálà, n ò ní purọ́. Nígbà tó jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó wo ikùn mi bí ẹni tó fẹ́ dá owó lé e, ó sì fa páálí kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Tíì kan rèé. Páálí kan péré, ikùn yìí á wọlé."

Mo gba páálí náà. Òyìnbó obìnrin kan wà lára rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kò ju ti èèrà lọ. "Màmá, ẹ̀yin náà ń mu ún?"

Ó wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó tún wò mí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

Mo rà á. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo ní gálà lọ́wọ́ kan, mo sì ní ikùn níwájú, ẹjọ́ ti dá mi lẹ́bi kí n tó dé kóòtù.

Ìgò tó wà lọ́wọ́ ìyá yẹn ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́rìndòdò tó jẹ́ 50cl, ṣúgà inú wọn tó ṣíbí tíì mẹ́wàá. Bí aládùúgbò yín bá bu ṣíbí mẹ́wàá sínú ife kan ṣoṣo lójú yín, ẹ ó pe ẹbí rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Ìjọba gan-an rí i. Nínú òfin ìṣúná 2021, wọ́n bu náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan, ká lè dín in kù. Náírà márùn-ún lórí ìgò kan nìyẹn. Ọ̀fun tó ń ná ẹgbẹ̀rún náírà kí ọkọ̀ tó kọjá Ìbàfò, náírà márùn-ún ni yóò wá dẹ́rù bà á!

Ẹ sì má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Nígbà tí baálé ilé bá dé Mowé ní aago mẹ́wàá kọjá, ìyàwó ti ro ẹ̀bà sílẹ̀ dè é, nítorí gálà kì í ṣe oúnjẹ lójú Yorùbá, ìpápánu ni. Ó jẹ ẹ́, ó mumi lé e, ó sì gbé òkìtì náà lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Aago mẹ́rin ìdájí ló tún dìde. Àyà ń ta á, orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Tí dọ́kítà bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ní kì í ṣe ojú lásán, àwọn ará ilé bàbá òun lọ́wọ́ sí i. Ìyá arúgbó tó wà lábúlé, tí kò mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Bẹ́gà, òun ni wọ́n wá ń fẹ̀sùn kàn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé ní Ìfọ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá kò ti í fi láfún ṣeré. Mo mú tíì mi lọ fi hàn án. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún òun. Mo kà á. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ikùn tí o fowó kó wọlé, owó náà lo tún fẹ́ fi lé e jáde?"

Ó dìde, ó ní kí n tẹ̀ lé òun wá sí ilé ìdáná. Tẹ̀tẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ó ṣà á, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ẹ. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́ ẹ̀fọ́ kó tó fọ̀ ọ́, omi ìdọ̀tí ló ń bọ́, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Epo pupa díẹ̀, kò jẹ́ kó bó títí tí èéfín yóò fi gba ilé. Àlùbọ́sà, ata gígún, irú wooro, ẹja gbígbẹ tó ti fi omi gbígbóná fọ̀. Iyọ̀, ìka méjì ló fi mú un. Ẹ̀fọ́ ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi sọ̀ ìkòkò kalẹ̀, àwọ̀ ewé ṣì wà lára ewé. Mo wo aago: gbogbo rẹ̀ kò gbà wá ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo ti lo jù bẹ́ẹ̀ lọ rí nídìí iná àwọn tó ń se Indomie lálẹ́ ní Mowé, níbi tí mo ti ń dúró kí ẹyin jinná.

"Màmá, mágì ńkọ́?"

"Irú ńkọ́?" Ó tilẹ̀ bínú díẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kò tó ṣíbí tíì kan, àpapọ̀ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ẹ gbé páálí mágì yín wò. Iyọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ṣáájú. A ó da mẹ́ta sínú ọbẹ̀, a ó tún bu iyọ̀ sí i, a ó wá tọ́ ọ wò, a ó ní "kò tíì dun dé ibẹ̀."

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Gáàsì wọ́n, àyè kò sí, kò síná tí fìríìjì yóò fi ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀wà ń jẹ gáàsì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ń rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́, tó ń da omi náà nù láàárọ̀ kó tó gbé e kaná, ó sì ń tètè rọ̀. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn tó bí wa mọ̀ ọ́n. Àwa la gbàgbé, bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó fi òyìnbó kọ ọ́ sára páálí.

Àwọn kan ti fi owó ńlá wádìí irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ wò, ní ìparí títì tí à ń jẹ gálà lórí rẹ̀ gan-an. Láti nǹkan bí ọdún 1992, àwọn dọ́kítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Òṣúntókun wà lára wọn, àti àwọn ti Indiana ní Amẹ́ríkà fi àwọn àgbà Yorùbá tó ti pé ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, iye àwọn tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti ọ̀hún. Wọn kò sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ lára àwọn ará Ìdíkàn tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní òkè òkun. N ò rò pé tíì inú páálí ló ràn wọ́n lọ́wọ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ rèé. Ọ̀fadà, ìlú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìrẹsì, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ló wà pẹ̀lú Mowé àti Ìbàfò: Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ já sí Mowé. Wọn kì í bó èèpo pupa ara ìrẹsì náà tán, nínú èèpo yẹn sì ni púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe ara lóore wà. Àwa tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ń ra funfun alápò, èyí tí wọ́n ti bó títí ó fi ń dán. Tí ẹnìkan bá ṣe ìnáwó ní Lẹ́kí, tí wọ́n fi ewé wé Ọ̀fadà fún wa, a ó fi fóònù ya á kí a tó jẹ ẹ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé ìgbà tí mo lọ sí Ìfọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀fadà. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì bi mí pé ṣé láti Èkó ni mo ti wá. Mo ní rárá o, Mowé. Ó dá ọwọ́ dúró lórí kóńgò.

"Mowé? Ẹ̀yin kì í yà síbí o. Ará Èkó ló ń rà á lọ́wọ́ wa."

Mo ra kóńgò méjì. Òkúta kéékèèké wà nínú rẹ̀, mo jókòó ṣà á. Tíì ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, n ò tíì já a. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbé e, n ò ní gba kọ́bọ̀.