Olóyè Orí Tábìlì

Bí ẹ bá dé Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́ láàárọ̀, ẹ wo bí àwọn ìyá aláta ṣe ń ṣe fóònù. Àárín tàtàṣé àti rodo ló ń gbé. Ọwọ́ tó bu ata náà ló ń tẹ̀ ẹ́. Òun ló ń wá dẹ́rẹ́bà tó kó tòmátì bọ̀ láti òkè ọya, òun ló ń jẹ́rìí pé owó oníbàárà ti wọ báǹkì, òun náà ni tọ́ọ̀ṣì bí iná bá lọ. Bó bá já bọ́, wọ́n á fi ṣẹ́tí ìró nù ún, iṣẹ́ á tún yá.

Èyí tí kì í ṣiṣẹ́ la mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà NITEL, iléeṣẹ́ fóònù ìjọba, ẹ ò lè gbàgbé. Igun pálọ̀ ni olóyè, ìyẹn fóònù oníwáyà, máa ń jókòó sí, lórí tábìlì tí káfíńtà dìídì kàn fún un, aṣọ funfun tí ìyàwó ilé fi abẹ́rẹ́ hun ní orí rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára káàdì ìgbéyàwó. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọ ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, ó di ṣìì létí. Ẹ ó wá òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó, ẹ ó fún un lówó ọkọ̀, ẹ ó fún un ní "nǹkan mìíràn", òjò á tún rọ̀.

Ọ̀wọ́n ló fà á. Nígbà tí a gbòmìnira ní 1960, láìnì 18,724 péré ló wà fún gbogbo Nàìjíríà. Wọ́n dá NITEL sílẹ̀ ní 1985. Títí di 2001, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Àdúgbò kan, fóònù kan. Bí ọmọ bá fẹ́ pè láti Lọ́ńdọ̀nù, ìyá rẹ̀ á wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì dé.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá Adé. Wọ́n ní Fọlá ń pè láago mẹ́rin."

"Ẹ jókòó, Ìyá Fọlá. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kàn án."

Aago mẹ́rin lọ, aago mẹ́fà lọ. Ìyá Fọlá á kúnlẹ̀ dúpẹ́, á gbalé lọ.

Baba tún fi àgádágodo há ihò ojú olóyè kí ẹnikẹ́ni má baà yí i. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ojú fóònù yẹn, bó bá ń yí padà, ńṣe ló ń já láìnì tó sì ń so ó, iye ìgbà tí nọ́ńbà bá jẹ́. Bọ́tìnì tí èyí tí à ń gbé sétí ń jókòó lé náà lè ṣe é. Lọ́jọ́ tí ara olóyè bá yá, wọ́n á tẹ bọ́tìnì náà wéréwéré lẹ́ẹ̀mẹ́wàá fún òdo, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún ení: wọ́n ti wọ Èkó. Àgádágodo wà níbẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Bíìlì ló máa ń tú àṣírí.

Ní August 2001 ni GSM dé, náírà 50 ní ìṣẹ́jú kan. A pariwo, a rà á. Kò bèèrè tábìlì, kò bèèrè aṣọ híhun, a ò sì bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Ẹni tó ń dáhùn là ń rán níṣẹ́; ẹni tí kì í dáhùn là ń pè ní ọ̀gá. Ẹ lọ wo ọ́fíìsì ìjọba bí ẹ bá rò pé fóònù nìkan ni mò ń bá wí.

Ìjọba ta NITEL fún iléeṣẹ́ Transcorp ní 2006, wọ́n gbà á padà ní 2009, wọ́n tún tà á fún iléeṣẹ́ NATCOM ní mílíọ̀nù 252 dọ́là. Mi ò bá wọn jiyàn owó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ àgádágodo mọ́ ọn, torí ọ̀pọ̀ baba ló kú láìsọ ibi tí wọ́n fi í sí.